Ẹja Mandarin: Ìbéèrè àti Ìdáhùn nípa Ẹja Aláró Inú Àpáta Iyùn

Irú ẹja wo ni ẹja mandarin?

Ẹja kékeré inú òkun ni, ibùgbé rẹ̀ sì ni àárín àpáta iyùn ní apá ìwọ̀-oòrùn òkun Pàsífíìkì. Synchiropus splendidus ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè é. Wọ́n kà á mọ́ ìdílé Callionymidae, ìyẹn àwọn ẹja tí wọ́n máa ń fara balẹ̀ sórí ilẹ̀ òkun, tí orí wọn fẹ̀, tí ẹnu wọn kéré, tí ẹyinjú wọn sì yọ sókè. Èyí tí ó dàgbà jù nínú ẹ̀yà yìí kì í sábà ju sẹ̀ǹtímítà 8 lọ, ọ̀pọ̀ wọn kò sì tó bẹ́ẹ̀. Albert Herre, onímọ̀ nípa ẹja, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó ṣiṣẹ́ ní Filipínì, ni ó kọ́kọ́ ṣe àpèjúwe rẹ̀ fún àwọn onímọ̀ ní ọdún 1927. Callionymus splendidus ni ó pè é nígbà náà, ẹ̀yìn rẹ̀ ni a tó yí i padà sí orúkọ tí ó ń jẹ́ lónìí.

Àwọn oníṣòwò ẹja ọ̀ṣọ́ máa ń pè é ní "mandarin goby", ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀kan nínú àwọn ẹja goby, tí wọ́n jẹ́ ìdílé ẹja ọ̀tọ̀. Àṣìpè ọjà lásán ni, ó sì ti pẹ́ débi pé kò jọ pé yóò parẹ́ mọ́.

Báwo ni àwọ̀ ara rẹ̀ ṣe rí?

Aró tí ó mọ́lẹ̀ ni ó gba ara rẹ̀ kan. Àwọn ìlà aláwọ̀ ọsàn àti aláwọ̀ ewé ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ lórí aró náà láti orí títí dé ìdí ìrù, kò sì sí ẹja méjì tí ìlà wọn bára mu régé. Àwọ̀ ìyeyè hàn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti àyà, ìrù rẹ̀ sì pọ́n bí ọsàn pẹ̀lú etí aláró. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ rí àwòrán rẹ̀ máa ń rò pé ẹnìkan ti fi kọ̀ǹpútà kun ún. Àwòrán náà kì í parọ́. Bí ó ti rí gan-an nìyẹn.

Kí ló dé tí àwọn onímọ̀ fi ń sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa aró ara rẹ̀?

Nítorí pé aró jẹ́ àwọ̀ tí ó ṣọ̀wọ́n gidigidi lára ẹranko. Ọ̀pọ̀ ẹja, ẹyẹ àti labalábá tí ojú wa ń rí bí aláró ni kò ní èròjà aró kankan lára. Ohun tí wọ́n ní ni àwọn ègé tín-ín-tìn-ín tí a tò léra wọn lọ́nà tí ó fi jẹ́ pé, nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá bà wọ́n, apá aláró inú ìmọ́lẹ̀ náà ni ó ń ta padà dé ojú wa. Tí a bá lọ irú ìyẹ́ tàbí awọ bẹ́ẹ̀ kúnná, aró náà yóò pòórá, nítorí pé ètò àwọn ègé náà ti dàrú. Ti ẹja mandarin yàtọ̀. Aró tirẹ̀ dà bí ti aṣọ tí a rẹ sínú ìkòkò aró: èròjà àwọ̀ fúnra rẹ̀ ni ó wà nínú awọ, kì í ṣe eré tí ìmọ́lẹ̀ ń ṣe.

Ní ọdún 1995 ni àwọn onímọ̀ méjì ọmọ ilẹ̀ Japáànì, Makoto Goda àti Ryozo Fujii, tẹ ìwádìí tí ó fi èyí hàn jáde. Wọ́n rí i pé sẹ́ẹ̀lì àkànṣe kan wà nínú awọ ẹja yìí, wọ́n sì sọ ọ́ ní cyanophore. Inú sẹ́ẹ̀lì náà ni àwọn àpò kéékèèké tí ó gbé èròjà aró wà, àwọn àpò wọ̀nyí sì lè kó jọ sí àárín sẹ́ẹ̀lì tàbí kí wọ́n tàn ká inú rẹ̀, bí a ti mọ̀ ọ́n mọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì aláwọ̀ mìíràn. Ẹ̀yà ẹja méjì ni wọ́n ti rí sẹ́ẹ̀lì náà nínú iṣẹ́ wọn: ẹja mandarin àti ìbátan rẹ̀ tímọ́tímọ́, Synchiropus picturatus, èyí tí àmì ara rẹ̀ jẹ́ roboto-roboto dípò ìlà. Lójú tèmi, kò sí ohun mìíràn nípa ẹja yìí tí ó yẹ kí a sọ ṣáájú èyí, àmọ́ ọ̀pọ̀ tí ó ń tà á tàbí tí ó ń rà á ni kò gbọ́ ọ rí.

Níbo ni a ti lè rí i nínú òkun?

Àgbègbè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti àwọn erékùṣù Ryukyu ní gúúsù Japáànì, ó gba Taiwan, Filipínì, Indonéṣíà àti Papua New Guinea kọjá, ó sì dé Ọsirélíà àti New Caledonia. A tún ń rí i ní Palau àti Yap. Kì í lọ jìnnà sísàlẹ̀: láti bí mítà 1 dé nǹkan bíi mítà 18 ni ó ń gbé.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi tí ènìyàn ń retí ni ó ń gbé. Ẹni tí ó bá wá a lọ sí ẹ̀gbẹ́ àpáta iyùn tí ó kọjú sí agbami, níbi tí omi ti mọ́ gaara tí ìgbì sì ń lù, yóò padà lófìfo. Omi tí ó dákẹ́ ni ó fẹ́ràn: inú ọ̀sà tí iyùn yí ká, etí èbúté, ibi tí iyùn tí ó ti kú ti fọ́ sílẹ̀ jánganjàngan tí ẹrẹ̀ díẹ̀ sì bò ó. Èbúté erékùṣù Banda Neira ní Indonéṣíà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi tí àwọn òmùwẹ̀ ti mọ̀ ọ́n jùlọ, ní ẹsẹ̀ afárá tí ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ sí. Wọ́n tún ń lọ wò ó ní Lembeh ní Indonéṣíà kan náà, ní erékùṣù Malapascua ní Filipínì, àti ní Mabul ní Malaysia.

Ní ọ̀sán, inú ihò iyùn ni ó máa ń wà. Ẹ lè lúwẹ̀ẹ́ kọjá lórí ogún nínú wọn kí ẹ má rí ẹyọ kan.

Báwo ni ó ṣe ń rìn?

Lẹbẹ méjì tí ó wà lábẹ́ àyà rẹ̀ fẹ̀ púpọ̀, orí wọn ni ó sì máa ń dúró sí nígbà tí ó bá wà nílẹ̀, tí yóò máa sún díẹ̀díẹ̀ láti orí igi iyùn kan sí òmíràn. Tí ó bá fẹ́ gbéra, lẹbẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n wìrìwìrì. Kì í sáré àfi tí nǹkan bá lé e.

Ṣé òótọ́ ni pé kò ní ìpẹ́?

Òótọ́ ni. Ikun yíyọ̀ tí ó nípọn ni ó bo ara rẹ̀ dípò ìpẹ́, ikun náà sì ń rùn, ó sì korò. Yvonne Sadovy, John Randall àti Maria Rasotto yẹ awọ ẹ̀yà mẹ́fà nínú ìdílé yìí wò, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2005. Wọ́n rí i pé kì í ṣe sẹ́ẹ̀lì tí ń pèsè ikun nìkan ni ó wà nínú awọ ẹja mandarin. Irú sẹ́ẹ̀lì mìíràn tún wà níbẹ̀ tí ó ń tú èròjà tirẹ̀ sí ojú awọ, ohun tí a sì gbà ni pé èròjà yìí ni ó ń mú kí ẹja ńlá kórìíra àtijẹ ẹ́. Èyí ni ó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé àwọ̀ títàn ara rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ìkìlọ̀: ẹja ńlá tí ó bá ti gbé e sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan tí ó sì tu ú dànù yóò rántí àwọ̀ náà nígbà mìíràn.

Ikun yìí ní àǹfààní kejì. Àwọn kòkòrò àrùn tí ń lẹ̀ mọ́ awọ ẹja òkun, bí èyí tí ń fa àmì funfun wínníwínní lára, kì í tètè rí ààyè mú un bí wọ́n ṣe ń mú ẹja tí ó wà pẹ̀lú rẹ̀. A kò sọ pé kò lè ṣàìsàn. Tí ó bá sì ṣàìsàn, oògùn tí ó ní bàbà nínú kì í bá a lára mu, kí ẹni tí ó ń tọ́jú rẹ̀ má sì yára lò ó.

Ṣé ó léwu fún ènìyàn? Ṣé a lè jẹ ẹ́?

Kì í bu ènìyàn jẹ, kò sì lépa ẹnikẹ́ni. Kí ẹni tí ó bá fọwọ́ kàn án ṣáà fọ ọwọ́ rẹ̀ dáadáa, nítorí ikun tí a sọ lókè yìí. Jíjẹ ńkọ́? Kì í ṣe ẹja jíjẹ. Ohun tí ó ń da àwọn ènìyàn rú ni pé ẹja mìíràn wà tí ó ń jẹ́ orúkọ yìí, Siniperca chuatsi, ẹja odò aláìníyọ̀ ilẹ̀ Ṣáínà tí ó tóbi tí wọ́n sì ń sìn fún jíjẹ. Àwọn méjèèjì kò bára tan.

Kí ni ó ń jẹ?

Ìdáhùn ìbéèrè yìí ni ó ń pinnu ìyè àti ikú ẹja mandarin tí ó bá bọ́ sọ́wọ́ ènìyàn, nítorí náà a kò ní kánjú níbí.

Nínú òkun, àwọn copepod ni olórí oúnjẹ rẹ̀. Ìbátan edé àti akàn ni wọ́n, wọ́n kéré débi pé ojú lásán fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí wọn, wọ́n sì ń rìn kiri lórí àpáta, lórí iyùn tí ó ti kú àti láàárín ewédò. Ó tún ń jẹ aràn òkun kéékèèké, ọmọ ìgbín òkun, àwọn ẹ̀dá mìíràn tí ó jọ edé àti ẹyin ẹja. Ọ̀nà tí ó ń gbà jẹun ṣe pàtàkì bí ohun tí ó ń jẹ. Kì í gbé oúnjẹ ńlá mì lẹ́ẹ̀kan kí ó sì lọ sinmi. Á dúró, á tẹjú mọ́ ojú àpáta, á na ẹnu kékeré rẹ̀ síta, á ṣa ẹyọ kan, á sún síwájú díẹ̀, á tún ṣa òmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń ṣe látàárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Oúnjẹ kọ̀ọ̀kan kò tó nǹkan, nítorí náà iye rẹ̀ gbọ́dọ̀ pọ̀, kò sì gbọdọ̀ dáwọ́ dúró fún ìgbà pípẹ́.

Ohun tí ó ń rìn ni ojú rẹ̀ ń mọ̀ ní oúnjẹ. Èyí ni ó fà á tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a mú láti inú òkun fi máa ń wo oúnjẹ gbígbẹ tí a dà sí iwájú wọn láìkà á sí, tí wọn yóò sì kọjá lórí rẹ̀ lọ wá copepod lórí àpáta.

Báwo ni a ṣe ń mọ akọ yàtọ̀ sí abo?

Ẹ wo lẹbẹ àkọ́kọ́ tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ti akọ ní ẹ̀gún iwájú kan tí ó gùn jáde, ti abo sì kúrú. Akọ tún máa ń tóbi ju abo lọ.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ tí àwọn òmùwẹ̀ fi ń lọ jókòó dè é?

Nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀, àwọn ẹja mandarin á jáde láti inú ihò wọn wá sí ibi kan tí wọ́n mọ̀ láàárín àpáta iyùn. Akọ á máa lọ káàkiri, á na lẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, á máa yí abo po. Bí akọ méjì bá pàdé, ìjà lè ṣẹlẹ̀. Abo ni ó ń yàn, akọ tí ó tóbi ni ó sì sábà máa ń yàn, nítorí náà akọ ńlá kan lè bá abo mélòó kan lò ní ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo nígbà tí àwọn kékeré ń wòran.

Nígbà tí abo bá gbà, á wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ akọ, á fara ti lẹbẹ àyà rẹ̀, àwọn méjèèjì á sì jọ máa gòkè lọ díẹ̀díẹ̀, ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, títí wọn yóò fi tó nǹkan bíi mítà kan lókè àpáta. Níbẹ̀ ni wọn yóò ti tú ẹyin àti àtọ̀ jáde pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí olúkúlùkù tó já wálẹ̀ bí ọfà sínú iyùn. Abo kọ̀ọ̀kan kì í ṣe èyí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lálẹ́. Ìgbà díẹ̀ péré ni gbogbo rẹ̀ máa ń gbà, ilẹ̀ á sì ṣú.

Ta ni ó ń tọ́jú àwọn ẹyin?

Kò sí. Ẹyin tí ó lè tó 200 ni ìbálòpọ̀ kan ń mú jáde, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò sì tó mílímítà kan ní ìbú. Wọ́n mọ́ gaara, wọ́n sì ń léfòó pẹ̀lú ìgbì láàárín àwọn ẹ̀dá wínníwínní mìíràn tí omi ń gbé kiri. Láàárín nǹkan bí ọjọ́ kan ni wọ́n ti ń pa. Àwọn ọmọ náà á máa bá omi lọ, ó sì tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ sórí àpáta bẹ̀rẹ̀ ìgbé ayé àgbà. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn ni ẹja mìíràn ti jẹ kó tó dìgbà náà.

Ṣé mo lè sìn ín nínú àpótí dígí?

Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn wa fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sin ẹja òkun ni pé kí ó má rà á. Omi rẹ̀ kò ṣòro: ìwọ̀n ooru láàárín 24 àti 26 lórí òṣùwọ̀n Celsius tó o, ìwà rẹ̀ sì jẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ sí ẹja tí kì í ṣe ẹ̀yà tirẹ̀. Oúnjẹ ni wàhálà. Copepod tí ó wà nínú àpótí tuntun kò lè bọ́ ọ. Bí ó bá jẹ wọ́n tán láàárín ọjọ́ mélòó kan, ìyàn ti mú un nìyẹn, bí omi tilẹ̀ mọ́ tí iná sì ń tàn.

Àpótí tí ó lè gbà á ni èyí tí ó ti wà fún oṣù púpọ̀, tí ó kún fún òkúta tí àwọn ẹ̀dá kéékèèké ti ń bí sí i, tí ó sì tóbi. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ní ìrírí kì í fẹ́ kí ó dín ní lítà 200, àyàfi tí ènìyàn bá ń sin copepod lọ́tọ̀ tí ó sì ń dà wọ́n sínú àpótí náà déédéé. Ẹ má kó ẹja mìíràn tí ń jẹ copepod pọ̀ mọ́ ọn, ẹ má sì kó àwọn oníwàǹwára tí yóò máa já oúnjẹ gbà níwájú rẹ̀. Akọ méjì kò gbọdọ̀ gbé inú àpótí kan náà láéláé, nítorí pé ọ̀kan yóò pa èkejì. Ẹ fi nǹkan bo orí àpótí náà pẹ̀lú, torí ó lè fò jáde.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ebi ń pa á?

Ẹ wo ikùn rẹ̀ láti iwájú àti láti òkè. Ẹja tí ó ń jẹun dáadáa ní ikùn tí ó yọ díẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ki. Ti èyí tí ebi ń pa, ikùn á wọ inú, ẹ̀yìn orí á sì rì débi pé ìlà egungun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á hàn. Àwọ̀ rẹ̀ kì í sọ òótọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí: ẹja tí ebi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa tán ṣì lè máa tàn yanran, ìdí sì nìyí tí ẹni tí ó rà á nítorí àwọ̀ kì í fi í mọ̀ títí yóò fi kú. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ẹni tí ó ń tà á fún un ní oúnjẹ lójú yín. Tí kò bá jẹ, tí ikùn rẹ̀ sì ti wọlé, ẹ fi í sílẹ̀, bí ó ti wù kí àánú rẹ̀ ṣe yín tó.

Ṣé àwọn kan wà tí a bí sínú àpótí?

Wọ́n wà. Àwọn tí ń sin ẹja ti mọ bí a ṣe ń kó ẹyin wọn, tí a sì ń fi àwọn ẹ̀dá kéékèèké inú omi bọ́ àwọn ọmọ wọn, wọ́n sì ń tà wọ́n lọ́jà. Àǹfààní wọn tóbi: láti kékeré ni wọ́n ti fi ẹyin ẹja, edé dídì kéékèèké àti oúnjẹ gbígbẹ kọ́ wọn, nítorí náà wọn kì í dúró de copepod nìkan. Owó wọn ń ga ju ti èyí tí a mú nínú òkun lọ. Síbẹ̀, bí ènìyàn bá máa rà á dandan, irú èyí ni ó yẹ kí ó rà.

Ṣé mímú tí à ń mú un fún títà lè dín in kù nínú òkun?

Iye tí a ń mú nìkan kọ́ ni ó yẹ kí a wò. Irú èyí tí a ń mú ṣe pàtàkì jù. Akọ ńlá ni àwọn oníbàárà ń fẹ́, nítorí lẹbẹ ẹ̀yìn gígùn rẹ̀, òun náà sì ni abo ń yàn ní ìrọ̀lẹ́. Maria Rasotto, Yvonne Sadovy àti George Mitcheson fi hàn nínú ìwádìí wọn tí ó jáde ní ọdún 2010 pé bí akọ bá ṣe tóbi tó ni àtọ̀ tí ó ń tú jáde ṣe ń pọ̀ tó. Tí a bá wá ń ṣa àwọn wọ̀nyí kúrò níbì kan léraléra, abo tí ó ṣẹ́ kù níbẹ̀ yóò máa bá akọ kékeré lò tàbí kí wọ́n máà rí ẹni yàn rárá, bí ẹja tilẹ̀ ṣì pọ̀ lójú. Níwọ̀n bí kò sì ti rìn jìnnà síbi tí ó ń gbé, akọ ńlá mìíràn kì í tètè ti ibòmíràn wá dípò èyí tí a mú.

Mo fẹ́ lọ wò ó nínú òkun. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ wọ omi kí oòrùn tó wọ̀, kí ẹ ti wà ní ìdúró jẹ́ẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń jáde. Ẹ jìnnà díẹ̀ sí ibi tí wọ́n ń pàdé, ẹ má fi ẹsẹ̀ tàbí lẹbẹ rọ́bà ru ẹrẹ̀ sókè, ẹ má sì sinmi lé orí iyùn. Iná funfun máa ń lé wọn padà sínú ihò, nítorí náà iná pupa ni àwọn afinimọ̀nà máa ń ní kí ènìyàn lò. Ẹ̀bẹ̀ kan ni fún àwọn ayàwòrán: bí tọkọtaya kan bá ti ń gòkè, ẹ jẹ́ kí wọ́n tú ẹyin wọn tán kí ẹ tó tan iná kámẹ́rà, torí pé tí wọ́n bá já wálẹ̀ láìparí rẹ̀, abo náà lè má tún jáde mọ́ ní ìrọ̀lẹ́ náà.